Èmi Ni Mo Pa Orin Obìnrin Jàpáànù Yẹn Rẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo ba kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi jẹ́, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, n kò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi, n kò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ mí ni mo kúkú fẹ́ sọ ọ́ fún... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Surulere là ń gbé, èmi, ọkọ mi, ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọdún kan, àti àbúrò ọkọ mi tó ń kàwé ní Yaba. Akọ̀wé ni mo ń pè é, ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, ibi iṣẹ́ wọn ló rán an lọ sí Jàpáànù fún oṣù mẹ́sàn-án kó lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun. Ibẹ̀ ló wà tí mo fi bímọ, ibẹ̀ náà ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú. Nígbà tó dé, ó kó rédíò alákásẹ́ẹ̀tì ńlá kan bọ̀, ó ra aṣọ fún mi, ó ra bèbí fún ọmọ, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo dání tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Orin obìnrin kan ló wà nínú ẹ̀. Ọkọ mi ní gbogbo Jàpáànù ló fẹ́ràn obìnrin náà, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Orin mẹ́fà ni. Èyí àkọ́kọ́ yá, èèyàn á fẹ́ jó sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ, ohùn á gòkè díẹ̀díẹ̀, á dúró lókè bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, á wá rọra sọ̀kalẹ̀. Èyí yẹn ni ọkọ mi máa ń dá padà sẹ́yìn ṣáá. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, kó tó bèèrè ọmọ, á ti tẹ̀ ẹ́, á dijú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kú tí n kò rí ẹkún lójú rẹ̀! Mo bi í títí, ó ní orin lásán ni. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ lè gbà á gbọ́? Lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹnì kan fi bírò kọ nǹkan ní èdè wọn, ó wá ya òdòdó kékeré kan sábẹ́ ẹ̀. Mo wo òdòdó yẹn, mo ní ó parí, ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó sọ́hùn-ún.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkọ mi lọ ṣe ófátáìmù, Akọ̀wé ti jáde, inú wá bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò, mo tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, n kò tiẹ̀ fetí sí ohun tó ń sọ, mo lọ fọ nápìkìn ọmọ. Nígbà tí ojú kan tán, mo yí i sí èkejì. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n ò ní parọ́ fún yín.

Wọ́n ti mú iná lọ kí ọkọ mi tó dé ní Sátidé náà. Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè tí iná dé, ó tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù ló ń jáde! Asọ̀rọ̀ rédíò ń pariwo pé wọ́n ti gbá a wọlé, èrò pápá ìṣeré ń hó. Ta ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nílé wa bí kò ṣe Akọ̀wé? Ọkọ mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí, ibẹ̀ ló ti wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí, pé ìyá arúgbó tó ń se oúnjẹ fún wọn níbi tí wọ́n ń gbé ló gba orin náà sílẹ̀ fún òun láti ara àwo orin tirẹ̀, lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà ikú bàbá wọn dé, tí wọn ò jẹ́ kí òun wálé wá sin ín. Òun àti ìyá náà ò gbọ́ èdè ara wọn, orin yẹn ni ìyá náà fi ń bá a kẹ́dùn tó bá ń jẹun. Inú orin yẹn nìkan ló ti ń sunkún bàbá rẹ̀. Ìyá arúgbó ló ya òdòdó o... ìyá arúgbó! Ilẹ̀ ò sì lanu kí n wọlẹ̀.

Akọ̀wé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo èmi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kó má bínú. Kò ní òun ni, kò ní òun kọ́. Ọkọ mi ní kó kó jáde. Orí ilẹ̀ ló ń sùn báyìí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Mushin, ìdánwò rẹ̀ sì ti dé tán.

Mo rò pé Akọ̀wé ò mọ ẹni tó ṣe é ni. Àfìgbà tí mo fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gbàgbé sílẹ̀, mo tọwọ́ bọ àpò, mo bá tíkẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré níbẹ̀, déètì Sátidé yẹn gan-an ló wà lára ẹ̀. Ọmọ yìí wà lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn! Tó bá yọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lápò lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òun, ta ló wá kù nílé? Ó ti rò ó débẹ̀ kí n tó rò ó, ó sì panu mọ́ nítorí tèmi... èmi tí mo máa ń ráhùn pé ẹran tó ń jẹ ti pọ̀ jù.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọmọ mi kì í sùn àfi tí mo bá kun orin kẹta yẹn sí i létí. N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo pọn ọmọ, mo ń kùn ún lọ, n kò mọ̀ pé ọkọ mi ti wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n tún un kọ. Ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, pé ẹnu mi nìkan ló kù tí òun ti lè gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí, ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, ó rò pé àánú òun ló ń ṣe mí.

Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ níparí oṣù, ó fẹ́ wá parí ìjà àwọn ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé á wá, á tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi ò ní lè gbọ́ orin yẹn lẹ́nu mi mọ́ láyé, bóyá kò tiẹ̀ ní fẹ́ rójú mi. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé bí mo ṣe máa ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nìyẹn? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọkọ mi, àbí kí n sọ fún ọkọ mi kí ìyá tó dé? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo so mọ́ etí ìró mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ọkọ mi sì ti ń pè mí láti pálọ̀ pé kí n wá kọrin.