Ohun Tó Ń Já Íńtánẹ́ẹ̀tì Wa ní Ìwòrò

Ilé wa ní Ìwòrò,
lẹ́bàá Àjídò,
Ọjọ́ Ajé.

Rewájú ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí o fi hàn wá nínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? A gbọ́ pé o ti kun ún lọ́dà tuntun, a sì dúpẹ́ pé nǹkan kan ń rí ìtọ́jú gbà lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run tó ní kí omi òkun dúró sí ààyè rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àgbàrá wọlé bá yín ní Lẹ́kí. O kò ní rí ogun ọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí o kì í rìn ín. Àmín.

Ìròyìn ayọ̀ ló mú mi gbé bírò. Àbúrò mi Dosu ni yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, torí ó ń kó àgbọn bọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìròyìn náà ni pé a ti rí ohun tó ń já íńtánẹ́ẹ̀tì wa, a sì ti tún un ṣe. Fọkàn balẹ̀. Jẹ́ kí n rọra sọ bó ṣe jẹ́, kí ìwọ tí o kàwé lè bá wa yọ̀.

O rántí pé nígbà tí o fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́, pẹ̀lú àpótí funfun kékeré tí ẹ ń pè ní ráúta, o ní ráúta yẹn ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá, pé a ó máa rí ara wa lójúkojú lọ́jọọjọ́ Àìkú, pé kò sídìí tí o fi tún gbọdọ̀ máa jìyà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Inú wa dùn. Àwọn tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í ṣe ọ̀gá. Bàbá rẹ kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rí ọ̀gá kò gbọdọ̀ rí wúruwùru.

Àmọ́ nǹkan náà ń já. A ó máa rí ọ tí o ń rẹ́rìn-ín, lójijì ojú rẹ á dúró gbagidi, ẹnu rẹ á là sílẹ̀ bíi ti ẹja orí yìnyín, ó parí nìyẹn. A pè ọ́ lórí fóònù, o ní ká pa á ká tún un tàn. A pa á, a tún un tàn. O ní ká yọ okùn rẹ̀, ká mí díẹ̀, ká tó dá a padà. A yọ ọ́, gbogbo wa dúró, a mí. O ní bóyá ó wà nísàlẹ̀ jù, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun yòówù ká bi ọ́, pípa àti títàn ni oògùn rẹ. Nígbà tí orúnkún bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, n kò sọ fún ọ, kí o má baà ní kí n pa wọ́n kí n tún wọn tàn.

Ìgbà náà ni bàbá rẹ fúnra wọn dá sí i. Wọ́n ní ohun tí a kò fojú rí, tí a sì fẹ́ kó wá kó ara jọ síbì kan, ìdákẹ́jẹ́ ló ń fẹ́, bí akaja ṣe ń fẹ́ ẹ. Bóyá o ti gbàgbé akaja, torí kò sí i ní Lẹ́kí: àwọn ẹ̀ka igi tí bàbá rẹ rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni, tí ẹja ń sá wọ̀, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń bí síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dọjọ́ tí a máa fi àwọ̀n yí i ká, ká ṣí i. Òun ló rán ọ nílé ìwé. Bàbá rẹ bá lọ gé ẹ̀ka igi, wọ́n tò ó yí ráúta ká nínú pálọ̀, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ríbi sá wọ̀. Wọ́n fòfin de ariwo. N kò lọ ata lórí ọlọ mọ́, àwọn adìyẹ mi lọ ṣe àtìpó lọ́dọ̀ Afeezat aládùúgbò wa, nígbà tí pásítọ̀ sì wá kí wa, bàbá rẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àdúrà náà sínú. Èèrà ló kọ́kọ́ wọlé sínú igi yẹn, aláǹgbá tẹ̀ lé e, íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò wá.

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ó wá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ti òdìkejì bọ́dà ló ṣìnà wá, Faransé ló ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ ní ká má lé e, pé ará Àjàṣẹ́ ni, ìbátan wa sì ni. Wọ́n fi èdè Ègùn kí i tiyì-tẹ̀yẹ, wọ́n bi í léèrè àwọn ará ilé. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n kò já mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní ó mọ̀wà hù ju àwọn kan lọ.

Nígbà tí àbúrò rẹ Mercy gba ọlidé dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjànikin, ó kó igi náà dànù, ó gbọn èèrà kúrò lára ráúta, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Kánádà. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ mi fi jóná, kò já. Ó yà mí lẹ́nu. Kánádà tí a kò mọ̀nà ibẹ̀, kò já. Lẹ́kí tí èèyàn lè jí kúrò ní kùtùkùtù kó wá jẹun ọ̀sán níhìn-ín, ó ń já. Èmi tí mo ti fẹja títà tọ́ ọmọ, mo mọ̀ pé oníbàárà tí kò fẹ́ rà, ibì kan náà ló máa ń ná ọjà dé kó tó rántí pé òun gbàgbé owó sílé. Mo ní kí n ṣọ́ ẹ̀rọ yìí.

Rewájú, mo ṣọ́ ọ. Bí a bá bèèrè ọkọ̀ rẹ, kì í já. Bí a bá bèèrè ilé tí o ń kọ́, ohùn rẹ á mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá ti wúkọ́ báyìí, tí wọ́n ní ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé ká lè ṣí akaja, ó ti já. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wúwo jù fún ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n rọra sọ ọ́, ó já. Wọ́n fi Ègùn sọ ọ́, ó já. Wọ́n ní àwọn á fi òwe sọ ọ́, òwe kò tíì dé ìdajì tó fi já. Wọ́n ní kí Mercy kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, wọ́n gbé e sókè láìsọ̀rọ̀, mo rí ojú rẹ bó ṣe ń kà á lọ, kó tó dé òpin, ó já. Mo wá ní kí Mercy bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Kánádà ìgbà tó ń bọ̀ wálé. Ọmọ náà ní Kérésì ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́, kò sì já. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé ni ìbéèrè yìí ń bà jẹ́, tìrẹ nìkan ni.

N kò bá ọ jà o. O mọ̀ pé nílé tiwa, àkọ́bí ló ń bá bàbá rẹ̀ fa igi àkọ́kọ́ yọ nínú akaja, ẹni tó bá sì fà á ló ni akaja náà lẹ́yìn bàbá. Bí bàbá rẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ bàbá tiwọn nìyẹn. Nítorí rẹ ni wọn kò ṣe jẹ́ ká ṣí i nígbà tó tó ṣí. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dúró de Rewájú. Òjò kan lọ, òmíràn dé, igi ń jẹrà, ẹja ń sá lọ sínú akaja Ishaq tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ara bàbá rẹ kò sì gba inú omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á lọ dúró létí ọ̀sà, wọ́n á máa wo ibẹ̀. Ìwọ náà wá ní ká gbé kọ̀ǹpútà lọ sétí omi, pé wàá máa wò wá bí a bá ṣe ń fà á. Bàbá rẹ ní kọ̀ǹpútà kò lọ́wọ́.

Ibẹ̀ la ti rí àtúnṣe. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n pe Mercy, wọ́n ní kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó bọ́ sómi. Mercy ní ipò ẹ̀gbọ́n òun ni, òun kò lè gbà á. Wọ́n ní kó wá. Ó sunkún díẹ̀, ó sì fa igi náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ẹja ṣì wà níbẹ̀, Rewájú! Ẹ̀pìyà, àrọ̀, òbòkún tó sanra. Kò pọ̀ tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó kún ọkọ̀ ojú omi wa. Bàbá rẹ gbọ́wọ́ lé Mercy lórí lójú gbogbo àwọn tó wá bá wa fa àwọ̀n, wọ́n ní akaja ti rí ẹni tó ni ín.

Mo yan òbòkún tó tóbi jù, ìrù rẹ̀ wà lọ́wọ́ Dosu fún ọ. Orí, o mọ̀ pé ti ẹni tó fa igi ni.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ wa á máa gùn wàyí. Bí o bá lè fi ti òróró orúnkún bàbá rẹ kún un, yóò dára, bí kò bá sì sí, kun ọkọ̀ rẹ. Olúwa yóò pa àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ mọ́, àlọ ni mo tẹnu mọ́ jù, torí òun nìkan la ti rí. Bí o ṣe ṣe fún wa, àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe fún ọ. Ṣe Àmín.

Lọ́jọ́ Àìkú, jókòó dáadáa kí o pè wá, má bẹ̀rù pé ó máa já. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò ní bi ọ́ ìgbà tí o ń bọ̀ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eunice Dosi.