Nọ́ńbà Tí O Máa Ń Gbé

Ìyàwó mi,

Ara mi le ní ìlú tí mo ti wá ṣiṣẹ́ yìí, mo tilẹ̀ ń sanra. Èmi náà ni mo sọ fún ọ pé nọ́ńbà tí o yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan ni àwọn tó ń gbé ìpolówó aṣọ rírán rẹ sórí ayélujára ń gbà, pé bí oníbàárà bá pè tí o kò tètè gbé e, wọn á yọ ìpolówó náà. O gbọ́ràn jù. Nọ́ńbà rẹ kejì, èyí tí èmi fi ń pè ọ́, ń dún títí, o ò gbé e.

Lánàá, mo dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ níbi iṣẹ́, mo fọwọ́ di imú kí o má bàa dá ohùn mi mọ̀, mo pe ti iṣẹ́. Kíá lo gbé e: “Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà wa ọ̀wọ́n!” Tẹ̀rín-tẹ̀rín! Mo jowú oníbàárà yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi ni.

Mo ní kó o rán ẹ̀wù kan. Ìwọ̀n rẹ ni mo kà fún ọ, o ò fura. Tó o bá rán an tán, ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́.

Bá mi kí Màmá. Má kí àwọn oníbàárà.

Ọkọ rẹ