Ìyá Tún-un-Fọ̀, Onímọ̀ Rọ́bà Tí Kì Í Tètè Gbàgbọ́

A bí ìyá wa ní ọdún 1951, nínú ilé alájà kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Télọ̀ ni bàbá wọn, nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn, àwọn sì ni àkọ́bí. Ẹni tó bá wá síbí láti wò bóyá a ó bù mọ́ ọ̀rọ̀ òkú, kó fara balẹ̀ kà á. Ohun tí a rí ni a kọ.

Ní ilé ìwé, wọn kì í gba ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé gbọ́. Wọ́n á tún ìṣirò náà ṣe, bóyá ìwé ló ṣì í. Wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ní ọdún 1974. Nígbà tí bàbá wa, ayafọ́tò, dẹnu ìfẹ́ kọ wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ Bàbá, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ omidan tí Bàbá ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbéyàwó wáyé ní ọdún 1976. Títí di òní, Bàbá kò mọ ohun tí omidan náà sọ.

Ní ọdún 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí rọ́bà. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àkójọpọ̀ okùn gígùn tí ojú lásán kò lè rí ni rọ́bà. Bí a bá fi kẹ́míkà pa orí okùn kọ̀ọ̀kan dà, tí a kò fọwọ́ kan àárín rẹ̀, rọ́bà náà á ní ìwà tuntun: èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó ní omi lára á lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà lè ṣàìso mọ́ orí okùn, kó kàn fara pamọ́ sáàárín wọn, kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì kà á sí àṣeyọrí. Fífọ̀ léraléra ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá ti ń yọ̀, ìyá wa á ní kí wọ́n tún un fọ̀. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ wọn ti wá.

Ní ọdún 1993, ọ̀gá wọn kéde pé rọ́bà tí a ó máa fi lẹ ojú ọgbẹ́, dípò kí a fi òwú rán an, ti dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fọ̀ ọ́. Ìyá wa kọ̀, wọn kò fọwọ́ sí i. Kò pẹ́, ọ̀gá gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Ọdún yẹn náà ni ìfun àbíkẹ́yìn wa wú, tó di iṣẹ́ abẹ. Rọ́bà ọ̀gá ni dókítà mú jáde. Ìyá wa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fura pé ìjà ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá bá ọmọ tó ń kú lọ. Ìyá wa ní, “Ẹ fi òwú rán an. Bí mo bá ṣì í, àpá lásán ni yóò ní. Bí ọ̀gá bá ṣì í ńkọ́?”

Òwú ni dókítà lò. Inú bí Bàbá gidigidi, àwa ọmọ náà kò gbè sẹ́yìn ìyá wa. Lọ́sẹ̀ kejì, ọgbẹ́ ọkùnrin kan tí a fi rọ́bà náà lẹ̀ ṣí lórí ibùsùn, ó sì kú. Dókítà gbé èyí tó kù wá fún ìyá wa. Wọ́n fọ̀ ọ́ léraléra níṣojú rẹ̀. Kẹ́míkà bá omi lọ, rọ́bà kò sì lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́.

Àyẹ̀wò yẹn ló dá wọn padà sẹ́nu ìwádìí. Ní ọdún 1998, ìyá wa ṣe èyí tó so mọ́ orí okùn ní tòótọ́. Ọ̀gá ló gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Ó fi òdòdó ránṣẹ́ lónìí. A ti yẹ inú rẹ̀ wò.

Wọ́n gba Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ wọ́n máa ń la ojú kan sílẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ń gbàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní sáyẹ́ǹsì lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n papò dà lọ́dún yìí. Ọkọ wọn wà láyé, àti ọmọ-ọmọ méje. Méjì nínú wọn jẹ́ ti àbíkẹ́yìn. Bàbá ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí bí òun ṣe sọ ọ́: ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó mi fi sílẹ̀, kì í ṣe méjì.

Mọ́mì, ẹ sùn re. Ẹ má ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ku àwa.