Awọ Àgbò Kejì ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yín

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ilé-kéwú yín kò tíì tú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó tú.

Nígbà tí ọba wa tí a tẹ̀lé sá wá síbí rí àyè padà sí Èkó, àwọn àáfà méjì tí ẹ jọ ń kọ́ni bá a lọ. Àáfà Bùráímọ̀ nìkan ló kù sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ kò sì dín kù. Àwọn onílẹ̀ pàápàá ń mú tiwọn wá, títí dé Èjìnrìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́ kéwú gbogbo wọn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Oorun a máa gbé àgbàlagbà náà lọ níbi tí ọmọ ti ń kà á lọ́wọ́.

Ẹ rántí òfin yín: ọmọ kò gbọdọ̀ fọ wàláà rẹ̀ àfi tí àáfà bá ti gbọ́ ohun tó kọ sára rẹ̀. Ẹ ó di ojú, ẹ ó fi obì há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ọmọ bá ṣì í, ìka yín á kan etí wàláà lẹ́ẹ̀kan. Àárò ìka yẹn ń sọ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń yan ẹja, Rábì ọmọ mi ń ké kéwú lẹ́yìn mi, ló bá fo odidi ìlà kan. Ìgbà tí mo wádìí, ó ti sú àwọn ọmọ láti máa dúró de àáfà. Wọ́n ń fọ wàláà láìkà á fún ẹnikẹ́ni. Inú bí mi débi pé ẹja jóná.

Sànúsí sì wà níbẹ̀, ọmọ apẹja tí ẹ kọ́ títí ó fi parí Kùránì. Àwọn àgbà tí a jọ sá wá láti Èkó kò gbà kó jókòó sórí awọ àgbò tí àáfà ń jókòó lé kọ́ni, torí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ohùn Ìjẹ̀bú sì wà nínú kéwú rẹ̀. Àwa tí wọ́n fún nílẹ̀ gbé la ń ṣe fáàrí. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kọ́ ọ, ẹ fẹ́ràn rẹ̀, omi àlùwàlá nìkan lẹ ń rán an. Ṣé ojú àwọn ẹgbẹ́ yín lẹ ń wò ni, àbí bí ọkàn yín ṣe rí nìyẹn? Ó ń dùn mí pé mi ò bi yín.

Lánàá, mo tẹ́ awọ àgbò kejì níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ń gbà wọlé, mo sì fi Sànúsí jókòó. Àwọn àgbà dìde láti kó ọmọ wọn lọ. Mi ò bá wọn jiyàn, ọ̀nà là. Mo fa Rábì lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ yín, mo mú un jókòó níwájú Sànúsí pẹ̀lú wàláà. Àwọn ọmọ kan tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn lọ sílé, wọn ò sì tíì padà. Àáfà Bùráímọ̀ kàn rọra sún tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà sáàárín òun àti Sànúsí.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀ bá ní kí n ká awọ náà. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó yín, bàbá mi. Mi ò ní ká a.

Èmi ni, ọmọ yín tó jogún agídí yín.