Ilé Òkè Òkun Tí A Bọ́ Bàtà Wọ Nínú Fóònù

Láti ṣọ́ọ̀bù mi, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fi ń fá pákó,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé yín tí o ní èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ nígbà ọgọ́rin kó tó dé yàrá rẹ. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún kì í dùn ọ́? Ọlọ́run tó ń gbé ọ gòkè lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí o já ṣubú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní yẹ̀, ojú kò sì ní ti èmi tí mo bí ọ. Bí o bá ti ṣe àmín, ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Gbogbo wa nílé, àlàáfíà la wà. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ẹ̀yìn tó ń dun òun ti lọ. Èmi ní kí n fi kún un pé kò lọ jìnnà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, torí bí mo bá ti ní kó wá bá mi di pákó mú báyìí, kíá ni ẹ̀yìn náà á ti padà dé. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ṣọ́ọ̀bù, mo ti kàn án padà. Aránṣọ iwájú ilé wa, tó máa ń bá wa tẹ fóònù, ní kí n kí ọ, ó ní aṣọ tí o ní kí òun rán ti parí láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rọ̀ ilé òkè òkun tí o fẹ́ rà yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú pẹ́ńsù. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án lo fi tu owó yẹn jọ, o ò ra bàtà, o ò ra aṣọ, gbogbo ìgbà tí mo bá sì bi ọ́ lo máa ń ní o ti jẹun, tí mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Eyínfúnjowó ní ìdajì owó gbọ́dọ̀ tẹ òun lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé ilé náà fún ẹlòmíràn. (Eyínfúnjowó ni ìyá rẹ sọ ọkùnrin tó ń ta ilé náà, torí nínú àwòrán rẹ̀ tó wà lórí fóònù, eyín ló pọ̀ jù níbẹ̀.) Àkọ́bí mi, owó náà kò lọ. Èmi ni mo fà á. Mo mọ̀ pé o ti pè mí nígbà mẹ́tàdínlógún, mi ò gbé e, ẹ̀rù ló ń bà mí, mo gbé fóònù sínú àpótí ìṣó kí n má baà máa gbọ́ igbe rẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó ná, kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ kí o tó bínú.

Nígbà tí fídíò ilé náà dé, aránṣọ gbé fóònù lé orí àpótí, ó ní ká wọlé. Èmi àti ìyá rẹ bọ́ bàtà. Ilẹ̀ ilé náà ń dán gbinrin, a ò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́hùn-ún pé àwọn òbí ẹni tó fẹ́ ra ilé ló kó ẹrẹ̀ wọ ibẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹ kú ilé o, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí a dé ilé ìdáná, ó tún kí wọn, wọ́n tún dákẹ́. Ó ní ilé náà dára o, àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ ò lọ́yàyà. Mo ní kí aránṣọ dá wa padà sí pálọ̀ kí n lè kan ògiri wò bóyá ó ṣófo nínú, ó dá wa padà, mo kàn án, àmọ́ ojú fóònù nìkan ló ń dún. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò mọ ohun tó rí.

Ohun tí ojú tèmi rí ni ti ilẹ̀kùn. Nínú àwòrán ìta, bí o bá dúró tí o kọjú sí ilẹ̀kùn àbáwọlé, ọwọ́ òsì rẹ ni ìńjì tó gbé e dúró wà. Ó yẹ kó jẹ́ pé bí o bá wọlé tán, tí o tì í, tí o wá yíjú padà wò ó, ìńjì yẹn á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Àmọ́ nínú fídíò, láti inú ilé, ọwọ́ òsì náà ló tún wà. Mo gbé ilẹ̀kùn tí mò ń kàn fún ilé ìwé nílẹ̀, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, èmi fúnra mi yí i ká títí òòyì fi kọ́ mi. Fèrèsé òkè pàápàá, mẹ́ta ni láti ìta, méjì ni láti inú. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà òkè òkun ti kọjá wa lọ, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn tó ń pààrọ̀ ìńjì fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì wù mí kí n kọ́ èyí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ni mo bá ní kí aránṣọ bá mi kọ̀wé sí Eyínfúnjowó lórí fóònù. Mo kí i, mo ní èmi ni bàbá ẹni tó fẹ́ ra ilé. Kò pẹ́ ló fa àmì méjì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi, irú èyí tí tíṣà máa ń fà bí èèyàn bá gbà á, yíǹkì búlúù ló sì fi fà á. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, kò sẹ́ni tó máàkì mi dáadáa mọ́, ká má tilẹ̀ wá sọ pé lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní kó fún ará ilé ọ̀tún àti ará ilé òsì ní fóònù kí n kí wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kì í kan ilẹ̀kùn sí ilé tí mi ò bá tíì kí aládùúgbò rẹ̀, torí aládùúgbò ló mọ ibi tí òjò máa ń gbà wọlé. Ó fèsì pé gbogbo àwọn aládùúgbò ló ti rìnrìn àjò, ti ọ̀tún, ti òsì, àti ti òdìkejì títì. Ìyá rẹ ní bóyá àwọn náà ti lọ ra ilé sí òkè òkun tiwọn.

Mo tún kọ̀wé, mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi lórúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ilẹ̀kùn yẹn. Èyí ló dà mí láàmú. Àmì kan ṣoṣo ló fi sí i, kò sì lo yíǹkì búlúù, eléérú báyìí ló fi fà á. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ, mo kí i dáadáa sí i, kan ṣoṣo náà ni. Àwòrán eyín rẹ̀ tilẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó wá ku òbìrípo lásán. Mo rò pé ó ti bínú, pé ó rò pé mo fẹ́ jí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rin, mo gba eléérú mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo lọ sí báńkì lọ́jọ́ Ẹtì, torí o ti ní kí n lọ, àti pé àkáǹtì yẹn, èmi àti ìwọ la jọ ṣí i, owó ńlá kì í jáde níbẹ̀ bí àwa méjèèjì ò bá fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì fún mi ní fọ́ọ̀mù tó kún fún àpótí kéékèèké, ó ní kí n fàlà sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. O ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ni kí n máa fà lọ títí dé ìsàlẹ̀, mo sì gbìyànjú. Àkọ́kọ́ bi mí bóyá owó wa ni, mo fa bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì bi mí bóyá mo mọ ẹni tí a fẹ́ sanwó fún. Mo ronú títí, eyín nìkan ni mo mọ̀. Mo fa bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkẹta bi mí bóyá èmi tàbí ẹni tí mo fọkàn tán ti fi ojú rí ohun tí a fẹ́ rà. Mo kọ ọ́ sí àyè tó ṣẹ́kù níbẹ̀ pé a wọlé o, a tiẹ̀ bọ́ bàtà, àmọ́ inú fóònù ni, kò sì sẹ́ni tó kí wa káàbọ̀. Mo fa bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkẹrin bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń kán wa lójú pé ká tètè sanwó. Mo fa bẹ́ẹ̀ ni, mo fà á kó nípọn dáadáa, kí wọ́n lè mọ̀ pé kánjúkánjú lọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì tètè dá wa lóhùn.

Ọmọbìnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi bàtà. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá yẹn mú mi lọ sí yàrá kan tó tutù, ó fún mi lómi, ó bi mí pé orúkọ ta ni ilé náà ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba ìlú tó wà. Mo ní mi ò mọ̀ pé ilé máa ń jẹ́ orúkọ. Ó bi mí pé lọ́yà wa ńkọ́. Mo ní Eyínfúnjowó ti fún wa ní lọ́yà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? Òun àti ọmọbìnrin náà wo ara wọn. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí owó náà lọ báyìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o wá lọ́yà tí kò mọ ẹni tó ń tà á rí, kí ó yẹ ìwé ìjọba wò, kó mọ ẹni tó ni ilé àti bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, kí o má sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo tí o ò mọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ sì tẹ ibẹ̀ kí owó rẹ tó dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un nípa ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ń ké bí wọ́n bá ń ṣí i, màá bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá lè jẹ́ kówó lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bú wọn nínú mi títí mo fi délé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù sínú àpótí ìṣó. Mo rò pé mo ti fi òótọ́ inú ba ilé ọmọ mi jẹ́, kò sì sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà.

Àfi lánàá tí olùkọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwòrán ilé rẹ hàn wọ́n kí n lè rí ẹni bá mi kẹ́dùn. Wọ́n wò ó, wọ́n yọ fóònù tiwọn, ilé kan náà ló wà níbẹ̀, àti ìkòkò òdòdó tí ẹnu rẹ̀ fọ́ tó wà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ọkọ ọmọ àwọn ló rà á lóṣù méjì sẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ wọn, mo ní ẹ ò rí i báyìí, àwọn ọmọ wa á jọ máa gbé. Inú tiwọn ò dùn. Wọ́n jókòó lé pákó tí gúlúù rẹ̀ ò tíì gbẹ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní àna àwọn san gbogbo owó, ó kó ìyàwó, ọmọ méjì àti ẹrù mẹ́fà, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan ló ṣí i, tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ilé náà, kò sì tà á rí. Ó fún wọn ní tíì, ó ní àwọn ni ìdílé kẹta lọ́dún yìí, pé tíì òun ti fẹ́ tán. Inú ilé náà ò jọ ti fídíò rárá. Mo bi olùkọ́ àgbà pé ọwọ́ wo wá ni ìńjì ilẹ̀kùn rẹ̀ wà gan-an. Wọ́n ní ìńjì kọ́ ni àna àwọn ń wò lọ́jọ́ yẹn, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò sí ilẹ̀kùn kankan tó ń pààrọ̀ ìńjì. Ilé méjì ni wọ́n yàwòrán rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti Eyínfúnjowó níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, torí mo ti sọ káàkiri pé mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ìyá rẹ ní ká má tètè dá ọkùnrin náà lẹ́bi, bóyá ó gbàgbé pé òun ti tà á ni, pé òun ìyá rẹ pàápàá ti ta adìẹ kan ṣoṣo fún èèyàn méjì rí. Mo ní kó lọ jókòó.

Ní báyìí, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Gúlúù mi ti tán, olùkọ́ àgbà ló gbé èyí tó kù lọ sílé lára ṣòkòtò wọn, mo sì ní láti ra ṣòkòtò mìíràn fún wọn. Fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ kún un, a fẹ́ wá wò ọ́, a fẹ́ rí i kí o jẹun lójú wa. Bí o bá wá ka gbogbo èyí tán, tí o ṣì ní ilé yẹn lo fẹ́, mi ò ní bá ọ jà, owó rẹ ni, màá padà sí báńkì. Àmọ́ bí wọ́n bá tún bi mí bóyá mo ti fojú rí i, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni màá tún fà. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju kí n fa bẹ́ẹ̀ ni lọ.

Ilé á jẹ́ tìrẹ, nílé lóko, àti lókè òkun bó bá wù ọ́. Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà. Lọ́jọ́ tí o bá kó ẹrù rẹ dé ẹnu ọ̀nà, kò ní jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò ti inú ilé ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbẹ́nàgbẹ́nà.