Ebè tí Bàbá mi ń kọ

Inísà, Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1991.

Àtìgbà tí mo ti dé láti yunifásítì ni n kò ti rí oorun sùn, àyà mi kàn ń já ṣáá. Ìyá mi ní ká lọ rí wòlíì. Bàbá mi gbé ọkọ́ fún mi.

"Ọmọ yunifásítì, ó yá, oko!"

Mo kọ́kọ́ fárí gá. Ṣùgbọ́n bí òógùn ṣe bò mí nídìí ebè, ara mi rọlẹ̀ díẹ̀. Mo wá bi wọ́n bóyá orí mi ló fẹ́ dàrú.

"Rárá, ẹ̀rù ni. Ó mú èmi náà nígbà tí bàbá mi kú. Ebè ni mo fi ń lé e títí dòní."

Mo wo oko náà. Kò sẹ́ni tí ebè rẹ̀ pọ̀ tó tiwọn lọ́nà Òkukù. Nítorí wọn ni àyà mi ṣe ń já báyìí.