Ọjọ́ Keje Alhaji, Ọjọ́ Kẹjọ Tèmi

Èmi, Samson Àkànbí Adéjìmí, atẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Folúkẹ́ ìyàwó mi lè jiyàn, ṣùgbọ́n kí ó ka ìpín kìíní ná. Ọjọ́ kẹjọ òní ni iṣẹ́ abẹ ìpá mi. Dókítà ní kò tó nǹkan. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ó tó nǹkan. Olúmúyìwá ọmọ mi ni alámòójútó ogún.

1. Ilé mi ní Abúlé Òkúta di ti Folúkẹ́.

2. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì di ti Olúmúyìwá. Ìkejì kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá bẹ̀ ẹ́. Kí ó máa bẹ̀ ẹ́.

3. Tòlótòló mi di ti Níní, ọmọ ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sè é.

Ìsọmọlórúkọ Níní yìí ni ó da àárín èmi àti bàbá ìyá rẹ̀, Alhaji Mahmood, rú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ni Rasheedat, ìyàwó Olúmúyìwá, bí i. Alhaji ní ọjọ́ keje ni a ó sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ní, "Bàbá Muyìwá, ṣé ó di ìgbà tí ọmọ bá hu eyín ni?" Mo ní ẹni tó ń kánjú báyìí ì bá ti sọ ọ́ lórúkọ nínú oyún. Mo yarí. Ọjọ́ kẹjọ tèmi ni mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo bá Alhaji lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín: ó rò pé mo ti túúbá. Èmi náà rẹ́rìn-ín: mo rò pé òun ni. Àwa méjèèjì sì pariwo ìṣẹ́gun yí ká Ṣómólú, títí oníkálukú fi gbọ́ ti èkejì. Láti ìgbà náà ni Alhaji, tí òun náà jẹ́ atẹ̀wé, ti ń ru bébà lọ gé ní Bàrígà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìgébébà mi dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, mo ń to kàlẹ́ńdà, mo fi ìka ka ọjọ́. Èmi a máa ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn: kẹjọ, ọjọ́ Ajé. Alhaji kì í kà á mọ́ ọn: keje, ọjọ́ Ajé kan náà! Kò sí ẹni tó bi èkejì pé ibo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bí ẹni ń wá tòlótòló.

4. Ẹ̀rọ ìgébébà di ti Rasheedat. Ì bá jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jogún, òun ni mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ó lè ka gbogbo èyí kí n má sí níbẹ̀. Alhaji, ẹ má dúró de ikú mi. Ẹ wá gé bébà.

Ọwọ́ mi nìyí: S. A. Adéjìmí, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Godspower Etim, òṣìṣẹ́ mi.

Ẹlẹ́rìí kejì: Mahmood Balógun, ọjọ́ kan náà. Mo ti kà á. Mo ń kó bébà bọ̀. Èmi ni n ó sìn yín lọ síbi iṣẹ́ abẹ: èmi lọ́jọ́ keje, ẹ̀yin lọ́jọ́ kẹjọ.